Kò jẹran, kò jẹ búrẹ́dì: kí ni àlejò yóò jẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ ti dé láti ìlú òyìnbó, ìyá àgbà ti mú àkùkọ kan mọ́lẹ̀ láàárín agboolé, àfi bí ọmọ ṣe ní òun kì í jẹ ẹran mọ́. Wọ́n ní kò burú, ẹja wà. Ó ní òun kì í jẹ ẹja. Ẹyin ńkọ́? Kò jẹ ẹ́. Wàrà ńkọ́? Ìyẹn náà, kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó kúkú fi búrẹ́dì panu ná, ó tún ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé yóò ti dákẹ́, tí ìyá àgbà yóò sì máa rò ó lọ́kàn pé ta ló ṣe ọmọ òun báyìí.

Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé lára ọmọ náà. Àìjẹ ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti oyin, ìpinnu ọkàn ni. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ń pè ní vegan, orúkọ tí Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ara wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1944. Ti búrẹ́dì yàtọ̀. Èròjà kan wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten, òun ló ń mú kí fúláwà tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Nínú 100 ènìyàn lágbàáyé, ó tó nǹkan bí ẹnì kan tí èròjà yìí ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́, tí inú yóò máa run ún, tí ìgbẹ́ gbuuru yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu, tí yóò sì máa rù. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́ kí ìyàn tó mú lórílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà òtútù ọdún 1944 sí 1945. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara àwọn ọmọ tí àìsàn náà ń ṣe sì ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà. Títí di òní, ìtọ́jú tó wà kò ju pé kí ẹni náà jìnnà sí àlìkámà, bálì àti rye ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èròjà burúkú yìí kò sí nínú rẹ̀: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà. Ṣé oúnjẹ Ọ̀yọ́ kọ́ nìyẹn? Ẹni tí kò rí nǹkan jẹ ní ilé oúnjẹ òyìnbó lè dé ọjà Àkẹ̀sán kó jẹ àjẹyó. Iṣu ni wọ́n fi ń ṣe àmàlà dúdú, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ti láfún. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé ni ewédú, irúgbá ló sì so irú tó ń ta sánsán nínú rẹ̀. Àkàrà àti ẹ̀kọ tútù ni tàárọ̀. Ẹ̀kuru tún dára ju mọ́ínmọ́ín lọ fún irú àlejò yìí, nítorí ẹ̀wà lásán ni wọ́n sè, kò sí ẹyin tàbí ẹja tó sá pamọ́ sí i nínú.

Ibi tí ewu wà ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí nǹkan. Olóúnjẹ yóò búra pé kò sí ẹran nínú gbẹ̀gìrì òun, òótọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n ó ti lọ edé mọ́ ata. Edé kì í ṣe ẹran lójú rẹ̀, adùn ọbẹ̀ ni. Bákan náà ni kúùbù tí wọ́n ń fọ́ sínú ọbẹ̀, òmíràn wà tó ní ọ̀rá adìẹ. Àbùlà sì rèé, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata lórí ara wọn: inú ọbẹ̀ ata yẹn ni ṣàkì àti pọ̀nmọ́ ti hó. Kí àlejò ní kí wọ́n yọ ọbẹ̀ ata kúrò, kó sì fi ojú sí ṣíbí tí wọ́n fi ń bù ú, torí ṣíbí kan náà ló máa ń ti inú ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn.

Ti ẹni tí àlìkámà ń bá jà tún le jù, torí pé àlìkámà ti wọlé tọ̀ wá láìkan ilẹ̀kùn. Sẹ́mò, ọmọ àlìkámà ni. Wíìtì tí wọ́n ń rò fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àlìkámà gan-an ni, ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ ìlera fún ẹnì kan sì ni májèlé ẹlòmíràn. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lú, èyí tí ìjọba Ọbásanjọ́ (1999 sí 2007) pariwo rẹ̀ gan-an, fúláwà ló ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí orúkọ ẹ̀gẹ́ má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mọ́ọ̀tì tí a fi ń ṣe àlejò ẹni tí kì í mu ọtí, bálì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Àkàrà pàápàá, ẹ bi alákàrà bóyá epo tó fi din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ló tún fi ń dín in.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò rò rárá ni ẹ̀rọ ìlọ. Ẹ̀rọ kan náà tó ń lọ gbódó di èlùbọ́ ló ń lọ àlìkámà fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìyókù ti àkọ́kọ́ yóò sì bá ti èkejì lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń kọ̀ ọ́ gidi, kó ra gbódó fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ ṣan ẹ̀rọ náà kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tó lọ tirẹ̀.

Irú wàhálà yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil gbé àkàrà dé ibẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n sì ṣì fi ń dín in. Lọ́dún 2005 ni ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àkàrà náà kò ní láburú, ohun tí wọ́n ń kì sí i nínú ni: edé gbígbẹ àti vatapá, ọbẹ̀ kíki tí wọ́n sábà máa ń fi búrẹ́dì tàbí fúláwà mú ki. Brazil ní òfin láti ọdún 2003 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára gbogbo oúnjẹ inú páálí bóyá gluten wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń lẹ ìwé mọ́ àkàrà? Lọ́dọ̀ tiwọn àti tiwa, ẹnu ni àlejò yóò fi bèèrè.

Bó ṣe bèèrè náà sì ṣe pàtàkì. Bó bá ní òun kì í jẹ ẹran, olóúnjẹ lè rò pé owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀, á fi àánú bu omi ọbẹ̀ sí i. Bó bá ń ṣàlàyé nípa ẹ̀tọ́ ẹranko, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèwọ̀ mi ni, kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ mi.” Ọ̀rọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí olóúnjẹ Ọ̀yọ́ tí kò mọ olórìṣà Ọbàtálá tí kì í mu ẹmu, tàbí ìdílé tí kì í jẹ irú ẹran kan, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n ní ìdí. Á wá ṣíbí mìíràn. Àwọn kan lè sọ pé irọ́ ni àlejò ń pa. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn pinnu pé òun kò ní jẹ láyé, àti ohun tó ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́, kí ni a tún ń pè ní èèwọ̀?

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà, ebi sì lè mú ènìyàn lójú ọ̀nà. Wàrà díndín ni kí ó ṣọ́ra fún, torí ti màlúù àti èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe jọ ara wọn nínú ata. Kó bèèrè èyí tó jẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àgbègbè LAUTECH, fásitì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, kún fún Indomie, mítí páì àti ẹ̀gì róòlù, fúláwà ni gbogbo wọn. Kó wọ inú ìlú lọ bá àwọn tó ń ro láfún. Bó bá sì jẹ́ ìgbà máńgòrò àti kaṣú ló dé, ìyẹn láàárín Fẹ́búárì sí Máàsì lọ sókè, ó bá ìlú náà lásìkò rẹ̀.

Ní ti ìyá àgbà, kó wá ìkòkò tuntun, kó se gbẹ̀gìrì láìfi edé sí i, kí irú pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n lè tú àkùkọ yẹn sílẹ̀.