Àṣírí Aláìsàn Nínú Fóònù

Tẹ́lẹ̀ rí, inú ìwé nìkan ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí. Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà ti wọ ilé ìwòsàn. Báwo ni a ṣe lè pa àṣírí wa mọ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan ní Yoko ṣe àpẹẹrẹ. Kókó kan yọ sí i ní itan. Kò dùn ún. Nọ́ọ̀sì rò pé ó lè jẹ́ àrùn Buruli. Bí a kò bá tètè tọ́jú àrùn yìí, ó máa ń di egbò ńlá. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn. Ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ wà ní Pobè. Nọ́ọ̀sì fẹ́ ya fọ́tò kókó náà, kí ó fi ránṣẹ́ sí dókítà níbẹ̀.

Fọ́tò yìí wúlò. Ṣùgbọ́n itan ta ni? Itan obìnrin náà ni. Nítorí náà, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà kí n ya ibí yìí, kí n fi han dókítà?" Bí ìyá bá kọ̀, kò ṣẹ̀. Ó lè lọ sí Pobè fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n torí èyí fi ìtọ́jú dù ú.

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò inú fóònù. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ, gbogbo ọjà lè rí i. Ìtìjú á wá mú kí àwọn mìíràn fi kókó tiwọn pamọ́ títí yóò fi di egbò.

Ní ọdún 2018, ìjọba ilẹ̀ wa Benin ṣe òfin tí a ń pè ní Code du numérique. Òfin yìí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa wa tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ àìsàn wà lára èyí tí ó ń ṣọ́ gidigidi. Àjọ APDP ní Kútọnu ló ń bójú tó o. Ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lè fi ẹjọ́ sùn wọ́n.

Kí ni kí á ṣe?

1. Kí á béèrè ẹni tí yóò rí fọ́tò wa, àti ohun tí wọn yóò fi ṣe.

2. Kí á má tẹ ìka sí ìwé tí a kò tíì kà, tàbí tí wọn kò tíì kà sí wa létí.

3. Kí á ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa wa hàn wá. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe.

4. Kí àwa náà má ya fọ́tò aláìsàn fi sí WhatsApp láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Kí á má torí ìbẹ̀rù fọ́tò jókòó sílé. Bí kókó bá yọ, kí á tètè lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Ara wa ni. Kí á tọ́jú rẹ̀, kí á sì máa béèrè.