Ṣé O Mọ̀? Ẹnu Ta Ni Yóò Sọ Pé Ọlọ́run Ti Dárí Jì Ọ́?

Ṣé o mọ̀ pé Kristẹni méjì lè jọ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan náà ní Yaba, kí wọ́n gba ọ̀nà méjì lọ wá ìdáríjì? Ọ̀kan yà sí St. Dominic's, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fádà Dominican tí wọ́n dé Nàìjíríà ní 1951. Fádà fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ elésè-àlùkò kọ́ ọrùn, ó dẹ etí. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kúnlẹ̀, ó sọ ìgbà tó jẹ́wọ́ gbẹ̀yìn, ó wá ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èkejì kọrí sí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta, níbi tí Josiah Akíndáyọ̀mí ti dá ìjọ Ridíìmù sílẹ̀ ní 1952. Ó dijú, ó bá Ọlọ́run sọ ọ́ ní tààrà. Àwọn méjèèjì gbà pé Ọlọ́run ló ń dárí jini. Ẹnu tí yóò kéde rẹ̀ ni wọn ò fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ṣé o mọ̀ pé Bíbélì kan náà ni wọ́n ń ṣí? Ìjọ Àgùdà gbá Jòhánù 20:23 mú, níbi tí Jésù ti fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láṣẹ ìdáríjì. Ẹni tó lọ sí Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta gbá 1 Jòhánù 1:9 mú, tí kò dárúkọ àlùfáà kankan.

Ṣé o mọ̀ pé Luther, àlùfáà ará Jámánì tó dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú Ìjọ Àgùdà ní 1517, kò da ìjẹ́wọ́ nù? Nínú ìwé ẹ̀kọ́ kékeré tó ṣe ní 1529, ó kọ́ni bí a ṣe ń jẹ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìwé àdúrà Áńgílíkà, àlùfáà nìkan ló ń dìde ka ọ̀rọ̀ ìdáríjì, tí ìjọ sì wà lórí ìkúnlẹ̀? Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, kò gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣòfin ní 1738 pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kéékèèké rẹ̀ máa jẹ́wọ́ fún ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ní Iléṣà ní 1930, kì í ṣe láàárín ẹgbẹ́ kékeré mọ́: gbangba ni ọ̀pọ̀ ti jẹ́wọ́ níbi ìsọjí oníwàásù Joseph Babalọlá.

Ṣé o mọ̀ pé "Páàdì" tí àwọn Àgùdà Èkó kọ́kọ́ ní kì í ṣe páàdì? Antonio, ẹrú tó gba òmìnira tó ti Bùràsíìlì dé, ló ń darí àdúrà wọn tó sì ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n kò lágbára àtidárí ẹ̀ṣẹ̀ jini. Fádà kan tó ń jẹ́ Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863. Ọdún 1868 ni fádà tó jókòó tì wọ́n tó dé.

Ṣé o mọ̀ pé Póòpù Francis fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú àlùfáà kan ní 2014, tí gbogbo ayé ń wò ó? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Fádà tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo Yaba tán, fádà mìíràn ni yóò wá lọ.