Ìdíje Fọ́tò Lórí Adágún Kaínjì: Ẹni Tó Ń Gbé Etí Omi Ni Kó Kọ́kọ́ Yà Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá sọ fún ẹni tí kò dé ilẹ̀ Borgu rí pé adágún omi kan wà níbẹ̀ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 135, tí ibi tí ó ti fẹ̀ jù lọ sì tó kìlómítà 30, bóyá ni yóò ṣe ju kí ó mi orí lọ, kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fọ́tò kan hàn án, nínú èyí tí ọkọ̀ apẹja kan kéré bí hóró àgbàdo láàárín agbami, tí a kò sì rí etí omi níwájú tàbí lẹ́yìn, ẹni náà yóò dákẹ́, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì bèèrè ibi tí ó wà.

Agbára tí fọ́tò ní nìyí. Òun náà ni ó mú kí ìdíje fọ́tò di ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó ní adágún ìgbafẹ́ ń ṣe káàkiri ayé. Ètò rẹ̀ kò le. Àwọn ará ìlú yóò kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ ayafọ́tò tàbí akẹ́kọ̀ọ́, ya adágún wọn kí ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Àwọn onídàájọ́ yóò ṣà wọ́n, a ó fún àwọn tí ó bá yege ní ẹ̀bùn, a ó sì pàtẹ àwọn fọ́tò náà fún gbogbo ènìyàn láti wò, tàbí kí a fi wọ́n ṣe kàlẹ́ńdà ọdún tí ń bọ̀.

Èrò wa ni pé Adágún Kaínjì yẹ fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí àwọn ayafọ́tò láti ìlú ńlá yóò kàn wá, tí wọn yóò ya oòrùn tí ń wọ̀, tí wọn yóò gba ẹ̀bùn, tí wọn yóò sì padà sílé wọn. Ọ̀rọ̀ Kaínjì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti mọ ohun tí ó wà lábẹ́ omi náà.

OHUN TÍ OMI BÒ MỌ́LẸ̀

Kaínjì kì í ṣe adágún àdáyébá. Odò Ọya ni a sé, odò ńlá tí àwọn baba wa fi orúkọ aya Ṣàngó pè. Iṣẹ́ ìsédò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ní 1968 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí kún, tí ó sì tàn kálẹ̀ di adágún. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó jẹ́ olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ni ó ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1969, kí iná mànàmáná lè ti ibẹ̀ dé àwọn ìlú wa.

Ṣùgbọ́n kí iná yẹn tó tàn, àwọn kan ti fi ilé sílẹ̀. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tí a kó kúrò ní ìlú àti abúlé wọn lọ sí ibùgbé tuntun. Bussa àtijọ́, tí ó jẹ́ ìlú ọba, wọ abẹ́ omi, a sì kọ́ New Bussa dípò rẹ̀. Ibi tí odò ti ń sáré já láàárín àpáta ní Bussa, níbi tí Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland nì, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní 1806, ti wọ abẹ́ omi pẹ̀lú. Àwọn ojúbọ, ibojì àwọn baba ńlá, igi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, oko, ọjà, gbogbo rẹ̀ ni omi gbà.

Àwa Yorùbá kì í sì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ náà. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ìhà Borgu ni Aláàfin Onígbogi sá lọ nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Títí di ọdún 1991 pàápàá, tí a fi pín agbègbè New Bussa mọ́ Ìpínlẹ̀ Niger, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni ó wà.

Nínú àṣà tiwa, fọ́tò ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe ju ọ̀ṣọ́ ara ògiri lọ. Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 nípa ohun tí ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá: bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láyé, a sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ẹni tí ó lọ lè ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdíje fọ́tò lè ṣe ní Kaínjì. A kò lè ya Bussa àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n a lè ya àgbàlagbà tí wọ́n bí níbẹ̀, kí ó jókòó sí etí omi, kí ó nawọ́ sí apá ibi tí ilé baba rẹ̀ wà.

OMI KAN, ÀWỌ̀ MÉJÌ

Ohun kejì tí ó yẹ kí àwọn tí yóò ṣètò ìdíje náà mọ̀ ni pé adágún yìí kì í dúró sójú kan. Ìkún omi méjì ni ó ń wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún. Èkíní ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìkún omi funfun. Òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ní apá Àríwá orílẹ̀-èdè wa àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká, ni ó ń gbé e wá láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, ó sì máa ń kún fún amọ̀ tí ó gbá láti inú oko àti bèbè odò. Èkejì ni ìkún omi dúdú. Láti orí òkè ilẹ̀ Guinea ni èyí ti ṣàn wá. Bí ó ti ń la ilẹ̀ Mali kọjá, ó ń tàn kálẹ̀ sínú àbàtà ńlá ibẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn òjò kí ó tó dé Kaínjì, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, omi rẹ̀ a sì mọ́ kedere.

Nítorí náà ni ohun tí ó ń ya àlejò lẹ́nu fi ń ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí koríko sì ti di pípọ́n, ni adágún náà máa ń kún dẹ́nu. Ní nǹkan bí oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan níbi gbogbo, ni ó máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ, torí pé a ti fi omi inú rẹ̀ yí ẹ̀rọ iná. Àlàfo tí ó wà láàárín kíkún rẹ̀ àti fífà rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi mítà 10, èyí tí ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ ọlọ́ràá a yọ síta, àwọn àgbẹ̀ a dáko sórí rẹ̀, àwọn darandaran a sì da màlúù wọn wá jẹ koríko tútù. Bí omi bá padà dé, oko náà a tún di ojú agbami.

Ta ni ó lè ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìdíje náà gba oṣù méjìlá gbáko. Kí a sọ fún olùdíje pé kí ó yan ojú ibì kan, bóyá ìdí igi kan tàbí èbúté kan, kí ó dúró síbẹ̀ yà á nígbà tí omi kún, kí ó sì padà wá dúró síbẹ̀ náà nígbà tí omi fà. Fọ́tò méjì tí a bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí yóò kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ohun tí ojú ewé mẹ́wàá kò lè kọ́ ọ.

ÀWỌN WO NI YÓÒ YÀ Á?

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà ni ó lè díje. Lónìí, fóònù alágbèéká wà lọ́wọ́ apẹja, ó wà lọ́wọ́ obìnrin tí ń yan ẹja, ó sì wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọdé tí ń gbé èrò sọdá omi. Ìdíje kan tí a ń pè ní Wiki Loves Africa ti fi èyí hàn láti ọdún 2014: ẹnikẹ́ni ni ó lè fi fọ́tò ilẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, àwọn fọ́tò náà a sì wà ní ibi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn, tí wọ́n sì lè lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Apẹja mọ ibi tí ẹyẹ ń bà sí ní òwúrọ̀. Obìnrin tí ń yan ẹja mọ ìgbà tí èéfín àti ìmọ́lẹ̀ máa ń pàdé lẹ́nu ààrò. Àwọn Gungawa, tí wọ́n ti ń gbé erékùṣù inú odò náà kí a tó sé e, tí a sì fi ẹja pípa àti àlùbọ́sà gbígbìn mọ̀ wọ́n, mọ ohun tí àlejò kò ní rí bí ó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Bákan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ẹja omi aláìníyọ̀ tí ó wà ní New Bussa, tí iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti 1968 tí omi ti kún, ní ohun púpọ̀ láti fi hàn.

A lè pín ìdíje náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní, omi àti àsìkò. Èkejì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará etí omi. Ẹ̀kẹta, ìgbafẹ́ àti ẹ̀dá inú igbó: ọkọ̀ wíwà, ìwọ̀ jíjù, ẹyẹ, àti erinmi. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, ni fọ́tò àtijọ́: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú èyí tí ó wà nínú àpótí wọn jáde, kí ọmọ fi fóònù yà á, kí ó sì kọ ohun tí bàbá tàbí ìyá àgbà bá sọ nípa rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ni ó ní fóònù. Àgbà ni ó ní ìtàn. Ọ̀nà kẹrin yìí kò ní jẹ́ kí ẹnì kan lè borí láìsí èkejì.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Kí ó hàn nínú òfin ìdíje náà pé ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó ni ín, àti pé bí àwọn olùṣètò bá fẹ́ tà á tàbí fi í polówó, wọn yóò tọrọ àyè, wọn yóò sì san owó. Kí a má ṣe ya ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, pàápàá jù lọ ọmọdé àti obìnrin tí ń wẹ̀ létí omi. Kí a má ṣe gba fọ́tò tí a fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún, nítorí ẹ̀rí ni a ń wá.

Ìsédò àti ilé iṣẹ́ iná jẹ́ ibi tí ìjọba ń ṣọ́. Òfin kò gbà kí a ya irú ibi bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ, kí olùṣètò sọ èyí kedere kí ọmọ ọlọ́mọ má baà kó sí wàhálà. Ẹni tí yóò bá wọ ọkọ̀ kó gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Afẹ́fẹ́ orí adágún náà kì í ṣe ohun àwàdà. Ní ti igbó Borgu tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, èyí tí a sọ di ara ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní 1979, gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn agbébọn ti fi apá kan rẹ̀ ṣe ibùba ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Kò sí fọ́tò tí ó tó ẹ̀mí ènìyàn. Ibi tí àwọn aláàbò bá ní kí a má dé, kí a má dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, ewu yìí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí a fi ń pe àwọn tí ń gbé ibẹ̀ síwájú. Bí àlejò kò bá lè wá bí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀, tí a kò sì gbọ́ orúkọ ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe nínú ìròyìn ìjàǹbá, àwọn ọmọ ibẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè fi hàn pé ìyàwó ṣì ń gun ọkọ̀ lọ sílé ọkọ, pé a ṣì ń pa ẹja, pé ilé-ìwé ṣì ń jáde lọ́sàn-án.

Ẹ̀BÙN KỌ́ NI ÒPIN

Lẹ́yìn tí a bá ti pín ẹ̀bùn tán, kí a tẹ àwọn fọ́tò náà sórí ìwé. Inú fóònù kì í ṣe àpótí. Ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi ni fọ́tò inú rẹ̀ bá a lọ. Kí a pàtẹ wọn ní ààfin, ní ọjà, àti ní ọgbà ilé-ìwé. Kí a kọ orúkọ ibi tí a ti yà á, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí ó yà á sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí òmíràn sì wà ní ilé ìkàwé, kí a lè rí ohun tí a ó fi wé ti ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ìdádúró. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí omi bo Bussa ní 1968 ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún. Àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ ń dínkù lójoojúmọ́. Wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí ìjọba ìbílẹ̀, ààfin, àti àwọn ilé-ìwé tí ó yí adágún náà ká jọ gbìmọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí omi bá tún kún, kí àwọn àgbà wọ̀nyí lè wà níbẹ̀ láti nawọ́ sí ojú omi, kí wọ́n sì sọ fún ọmọ tí ó gbé fóònù dání pé, "Ibẹ̀ yẹn ni."