Kí ló dé tí Tom and Jerry àtijọ́ fi dùn ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí tẹlifíṣọ̀n wà nílẹ̀ wa tí wọn ò ti mọ ológbò kan tó ń lé eku kan kiri inú ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tó o. Tom ni wọ́n ń pe ológbò, Jerry lorúkọ eku. Àwọn àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá náà máa ń jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn wò ó, torí pé àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú bá rí náà ni eré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó dáadáa yóò ti kíyè sí i pé kátúùnù yìí kì í dọ́gba. Lọ́jọ́ kan, a ó rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Lọ́jọ́ mìíràn, ológbò náà ni, eku náà ni, àmọ́ eré náà yóò tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Àwọn kan rò pé torí àwọn ti dàgbà ni kò ṣe dùn mọ́ àwọn nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló ṣe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iye owó kan náà ni wọ́n ná lé e lórí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ṣeé tọ́ka sí lọ́dún dé ọdún.

Ọdún 1940 ni William Hanna àti Joseph Barbera, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kátúùnù ilé-iṣẹ́ sinimá MGM ní Amẹ́ríkà, gbé àkọ́kọ́ jáde. Jasper ni wọ́n pe ológbò nígbà náà. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sábà fi ń rìn, irun kún ara rẹ̀ wúruwùru bíi ti ológbò gidi. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ara rẹ̀ ti dán, ojú rẹ̀ sì ti ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: ojúkòkòrò, ẹ̀tàn, ìbẹ̀rù, ìtìjú. Ẹ kíyè sí i pé ńṣe ló ń dára sí i bó ti ń pẹ́. Àwọn tó máa ń sọ pé ohun tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bàjẹ́, ibí yìí ni kí wọ́n wò. Láti 1940 títí di 1958, àwọn méjèèjì ṣe 114 nínú eré yìí, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar nígbà 7. The Yankee Doodle Mouse, tó jáde ní 1943, ni èyí àkọ́kọ́ tó gbà á.

Sinimá ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ lè rò pé eré ọmọdé lásán ni. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa. Eré oníṣẹ́jú 7 ju ẹgbàárùn-ún àwòrán lọ. Bí wọ́n tilẹ̀ ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yà sórí bébà, kí wọ́n dà á kọ sórí ike tó mọ́ gaara, kí wọ́n kùn ún lọ́dà níkọ̀ọ̀kan. Barbera ló ń hun ìtàn, òun ló ń ya bí eré yóò ṣe lọ. Hanna ló ń wọn àkókò: ìgbà tí abọ́ yóò fọ́, bí yóò ṣe pẹ́ tó kí Tom tó mọ̀ pé iná ti mú òun nírù. Igbe tí Tom máa ń ké nígbà tí nǹkan bá bá a, ohùn Hanna fúnra rẹ̀ ni. Scott Bradley ló ń ṣe orin sí i, àwọn onílù àti onífèrè gidi ló sì ń lù ú. Bí ológbò bá ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn, orin náà á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Nínú The Cat Concerto, tó jáde ní 1947, Tom jókòó sídìí dùùrù òyìnbó, ó ń lu orin Liszt, eku sì ń sùn nínú dùùrù náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín orin, orin ò dúró, ìjà ò dúró.

Àwọn baba wa sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó náà ló sì pa ìsọ̀ yìí. Nígbà tó di àárín ọdún 1950 sí 1959, MGM ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé bí àwọn bá tún gbé eré àtijọ́ padà sí sinimá, owó tí yóò wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun, láìná kọ́bọ̀ sórí àwòrán. Kí wá ni wọ́n ń sanwó oṣù fún? Ní 1957, wọ́n ti ẹ̀ka náà pa lẹ́yìn 20 ọdún. Gẹ́gẹ́ bí Barbera ti máa ń sọ ọ́, ìpè tẹlifóònù kan ṣoṣo ló mú ìròyìn náà wá. Gbogbo ayàwòrán tó wà níbẹ̀ di aláìníṣẹ́.

Hanna àti Barbera dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san kò tó ìdá kan nínú ohun tí wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ni wọ́n bá wá ọgbọ́n dá. Ara yóò dúró sójú kan, ẹnu nìkan ni yóò máa mì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sáré, ògiri kan náà àti fèrèsé kan náà ni yóò máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo Yogi Bear, béárì tí wọ́n so táì mọ́ lọ́rùn. Táì yẹn kì í ṣe fáàrí: ó bo ojú ibi tí orí ti pàdé ọrùn, kí wọ́n lè máa yí orí nìkan padà, kí wọ́n má tún ara yà mọ́. Ọgbọ́n tó gbé wọn là ni, mi ò bú wọn.

MGM wá ronú padà, wọ́n tún fẹ́ eré tuntun, àmọ́ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Gene Deitch, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Prague, ní Czechoslovakia, ni wọ́n gbé e fún. Eré 13 ló ṣe láàárín 1961 sí 1962. Díẹ̀ péré nínú ti àtijọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti rí rí. Ó hàn nínú iṣẹ́ náà: ariwo rẹ̀ ń dún bíi pé inú àgbá ni wọ́n wà, baba sanra kan tó ni Tom sì ń lù ú débi pé àánú á ṣe wá dípò ẹ̀rín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chuck Jones gbà á, láti 1963 sí 1967, ó ṣe 34. Àwòrán tirẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ó rọra ń rìn jù, ìpéǹpéjú Tom sì ki bí igbó.

Láàárín àkókò yẹn, ní 1965, àwọn eré àtijọ́ dé orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá tún fi ọwọ́ kàn wọ́n. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kì í sábà rí kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, tó máa ń fi ìgbálẹ̀ na Tom jáde. Lillian Randolph, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀hónú hàn pé àwòrán náà tàbùkù àwọn, wọ́n sì jàre. Kò sí nínú àwọn tuntun mọ́ lẹ́yìn 1952. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan tí wọ́n tún ṣe fún tẹlifíṣọ̀n, obìnrin òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n yà sípò rẹ̀, ohùn mìíràn ni wọ́n sì fi sí i. Àbùkù náà lọ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú bá a lọ.

Ọdún 1975 ló ṣe mí ní kàyééfì jù. Lọ́dún yẹn, Hanna àti Barbera fúnra wọn gba Tom àti Jerry padà, wọ́n ṣe 48 fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé adùn ti dé. Àwọn ọ̀gá náà ni, ọpọlọ wọn ṣì pé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ òbí ti ń pariwo ní Amẹ́ríkà pé ìjà pọ̀ jù nínú eré ọmọdé, torí náà, ológbò kò gbọ́dọ̀ lé eku mọ́. Wọ́n sọ wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ ń rìnrìn àjò kiri. Jerry so táì pupa kékeré tó rí bíi labalábá mọ́ ọrùn. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é rèé, wọn ò sì lè ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí àsìkò, kò sí owó, kò sì sí ìjà.

Ilé-iṣẹ́ Filmation dá ìlé-kiri padà ní 1980, àmọ́ àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò. Ní 1992, fíìmù gígùn kan jáde tí ológbò àti eku ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún ń kọrin. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Hanna kú ní 2001. Ní 2005, Barbera, ẹni ọdún 94, tún bá wọn lọ́wọ́ sí ọ̀kan fún sinimá, The Karate Guard, ìyára àtijọ́ sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ó kú lóṣù Kejìlá, ọdún 2006. Àwọn tó ń ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ ń lo kọ̀ǹpútà: àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n ara ológbò náà le bíi ti ọmọláńgidi.

Bí àwọn ọmọ bá ra sídì Tom and Jerry wálé, ẹ má wo àwòrán tó wà lára páálí rẹ̀, torí pé wọ́n sábà máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orúkọ tó bá jáde níbẹ̀rẹ̀ eré ni kẹ́ ẹ wò. Bẹ́ ẹ bá ti rí Fred Quimby, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka MGM títí di 1955, ẹ fa àga yín súnmọ́ ọn.