Ẹnu Àgbà Ló Ń Mọ Ẹmu Àbùlà

Níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà lóde òní, wáìnì pupa àti funfun láti òkè òkun ló ń kún orí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́ wa a gbóòórùn rẹ̀, wọn a tọ́ ọ wò, wọn a sì sọ èyí tó dára ju èkejì lọ. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí a bá bu ẹmu sínú ife kan, tí a bu ògùrọ̀ sínú èkejì, mélòó nínú wọn ni yóò lè sọ èwo ni èwo?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, igi ọ̀tọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan ti ń wá. Ọ̀pẹ tí ń fún wa ní epo pupa náà ló ń fún wa ní ẹmu. Ògùrọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn àkùrọ̀ àti etí omi, bí irú ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ọ̀pẹ a máa so lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Bó bá ti so tán, ó kú nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ràn ògùrọ̀ a máa yin adùn rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́mu ọ̀pẹ a ní títa tí tiwọn ń ta lẹ́nu kò láfiwé.

Ẹni tó gbé ẹmu wá ni yóò kọ́kọ́ mu, kí ọkàn gbogbo ìjókòó lè balẹ̀. Ẹni tó kéré jù ni yóò máa bù ú. Àgbà a gba ahá, a wo àwọ̀ ẹmu, a fẹ́ ìfófòó rẹ̀ sẹ́yìn, a gbóòórùn rẹ̀, kó tó wá fi kan ahọ́n. Bó bá fura, kò ní pariwo. Á kàn rọra bi ẹlẹ́mu pé, "Ọmọ mi, ṣé òjò rọ̀ sínú akèrègbè rẹ ni?"

Ẹ̀rí wo ló rí? Omi igi yìí kò ní ọtí nínú bó ṣe ń kán. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ló ń sọ adùn rẹ̀ di ọtí láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ẹmu àárọ̀ a máa dùn, ti ọ̀sán a máa ta, ti ọjọ́ kejì a sì ti kan. Ẹmu tí a bu omi là a máa fẹ́lẹ́ lẹ́nu. Èyí tí wọ́n fi sákárínì sí burú jù, nítorí ìwúkàrà kò lè sọ sákárínì di ọtí. Bí ẹmu àárọ̀ bá ṣì ń dùn bí oyin lálẹ́, tí kò sì gbé inú fíríìjì, ẹ fura.

Àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu rárá, nítorí ìtàn pé òun ló pa òrìṣà náà nígbà tó ń lọ dá ilé ayé. Síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọn kì í mu. Ìmọ̀ yàtọ̀ sí ìmukúmu.

Nínú ìwé tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ọ̀mùtí kan wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ dé ìlú àwọn òkú, nítorí kò rí ẹlòmíràn tí ẹmu rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀rín ni ìtàn náà ń pa wá, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀: ọwọ́ adẹ́mu kò dọ́gba.

Adẹ́mu olóòótọ́ ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní kùtùkùtù, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Bí ẹnu wa kò bá mọ ìyàtọ̀ mọ́, iye kan náà ni a óò máa san fún òun àti alábùlà, títí òun náà yóò fi so igbà rẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ohun tí ahọ́n yín mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ igi méjèèjì kí wọ́n tó di ìtàn.