Wáyà oníná lọ́rùn: Ṣé ó lè jí ẹni tó lajú sílẹ̀ tí kò mọ ayé mọ́?

Wàhálà ńlá ni fún ẹbí tí èèyàn wọn bá bọ́ lọ́wọ́ ikú tí kò sì jí tán. Ó ń mí, ó ń sùn, ó ń lajú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn. Orí tó fara gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lè fa irú èyí; bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn tó dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé ọpọlọ.

Láti bí ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè Japan ti ń dán ọgbọ́n kan wò lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ ki wáyà tín-ínrín sí ògóóró ẹ̀yìn níbi ọrùn, lẹ́yìn awọ tó bo mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n rì sábẹ́ awọ ara ni yóò máa rán iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ sí i. Ọrùn kọ́ ló ń ṣàìsàn o. Ibẹ̀ ni ìròyìn ara ń gbà gòkè lọ sí ọpọlọ, èrò wọn sì ni pé iná náà yóò ta ọpọlọ jí, ẹ̀jẹ̀ yóò sì túbọ̀ máa ṣàn síbẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn kan jí díẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó ti ń fi àmì díẹ̀ hàn pé àwọn mọ nǹkan tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń yí padà fúnra wọn láàárín ọdún kìn-ín-ní. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Kì í ṣe àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́. Wọn kò tíì fi àwọn tí wọ́n ki wáyà sí lára wé àwọn tí wọn kò ki í sí lára nínú ìwádìí ńlá kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Oògùn amantadine ti la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá. Lọ́dún 2012, nínú aláìsàn 184 tí orí wọn fara gbá, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yára bọ̀ sípò ju àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn lọ. Òun ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018, kì í ṣe wáyà.

Ìṣòro mìíràn tún wà: ta ni kí wọ́n ki wáyà náà sí lára? Ìwádìí kan lọ́dún 2009 fi hàn pé nínú àwọn tí dókítà pè ní aláìmọ-nǹkan-kan, bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì mọ nǹkan díẹ̀. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ aláìsàn 241 tí kò lè fi ara jẹ́ iṣẹ́ kankan. Wọ́n ní kí wọ́n máa ro ó lọ́kàn bí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan, irú bíi kí èèyàn ṣí àtẹ́lẹwọ́ kó sì tún pa á dé. Ọpọlọ àwọn 60 jẹ́ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ara wọn kò jẹ́ ẹ rárá lórí ibùsùn.