Àgbà olórin lábẹ́ iléeṣẹ́ ọmọ ráàpù: Ẹ̀kọ́ wà nínú ìwé tí Sunny Adé tọwọ́ bọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ orin l'Ákúrẹ́ tàbí nílùú Oǹdó, ìbéèrè kan ṣoṣo ti tó o: ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbà olórin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lọ tọwọ́ bọ̀wé lábẹ́ iléeṣẹ́ agbórinjáde tí ọmọ ráàpù dá sílẹ̀? Kí ẹni náà tó pa ẹnu dé, ilé á ti pín sí méjì.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ á ní ìwọ̀sí gbáà ni. Lójú tiwọn, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o, nítorí náà, kí ni ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ orin lánàá fẹ́ fi han ẹni tó ti ń fa okùn gìtá kí wọ́n tó bí i? Àwọn tó fara mọ́ ọn náà kì í gbà. Wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ yìí ló mọ bí orin ṣe ń wọ inú fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, àgbà tó bá sì kọ̀ tí kò bá wọn rìn, orin rẹ̀ lè kú mọ́ inú àwo tí kò sí ẹ̀rọ tó ń lù ú mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá rárá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa á rántí pé ó ti pẹ́ tí ráàpù ti ń fi èdè Yorùbá fọhùn. Da Grin, tó gbé àwo C.E.O jáde lọ́dún 2009, tó sì kú ní April 22, ọdún 2010, wà lára àwọn tó gbé e dé ìgboro. Lọ́dún 2012 ni Ọlámídé, ọmọ ráàpù, dá iléeṣẹ́ tirẹ̀, YBNL, sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2015, iléeṣẹ́ náà gba Adékúnlé Gold wọlé, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ráàpù, tí orin rẹ̀ sì sún mọ́ jùjú àti háíláìfù. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Duck Down, tí olórin ráàpù kan, Buckshot, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé àwo Survival Skills jáde lọ́dún 2009. Buckshot fúnra rẹ̀ àti KRS-One ló jọ kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ KRS-One ti gbé àwo jáde láti ọdún 1987. Àgbà náà ti gba ilé ọmọ kọjá, ọ̀run kò sì wó.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta olórin lẹ́sẹ̀, kò yẹ ká lọ jìnnà. Ọmọ Èkìmògún ni ẹ̀kọ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n bí Ọba orin jùjú, King Sunny Adé, sí ní September 22, ọdún 1946, ṣùgbọ́n ìdílé ọba nílùú Oǹdó ló ti wá. Ìwé méjì ló tọwọ́ bọ̀ láyé rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olólùfẹ́ orin mọ̀ nípa wọn.

Ìwé àkọ́kọ́ ni ti African Songs, iléeṣẹ́ Olóyè Bọ́lárìnwá Abíórò. Ìgbà náà ni Sunny Adé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tó sì dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ lọ́dún 1967. Orin rẹ̀ tà, orúkọ rẹ̀ kan, àmọ́ nígbà tó di ọdún 1974, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti di ọ̀tá lórí owó àti àdéhùn. Ó kúrò níbẹ̀, ó sì dá iléeṣẹ́ tirẹ̀, Sunny Alade Records, sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni? Rárá o. Ìjà lórí ẹni tó ni àwọn orin àtijọ́ wọ̀nyẹn wọ ilé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì lé ní 20 ọdún nílẹ̀. Ọdún 2020 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nílùú Èkó tó dá a láre, tó sì ní kí wọ́n san 500 mílíọ̀nù náírà fún un. Ẹ wò ó, ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin tọwọ́ bọ̀ ló di ohun tí bàbá arúgbó ń bá rojọ́.

Ìwé kejì ló jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí jù. Lọ́dún 1982, Sunny Adé ti di àgbà nídìí iṣẹ́, ó ti lo ọdún 15 pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ Island Records gbà á. Iléeṣẹ́ aládàáni ni Island nígbà náà. Ilẹ̀ Jàmáíkà ni Chris Blackwell ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1959, òun náà ló sì gbé orin Bob Marley kárí ayé. Marley kú ní May 1981, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri.

Àwo Juju Music jáde lọ́dún 1982, Synchro System lọ́dún 1983, Aura sì lọ́dún 1984. Àwọn tó ń yin àdéhùn náà ní ẹjọ́ tó dáa láti rò. Synchro System ni wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Stevie Wonder fẹnu ara rẹ̀ fọn hàmóníkà sínú Aura. Ìlù gángan àti gìtá ọmọ Oǹdó dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá rí.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kò jayò pa. Nílé, ojú kan àwo Sunny Adé lè jẹ́ orin kan tó ń ṣàn lọ bí odò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 sí 20, tí àwọn èèyàn á máa jó láìjókòó. Nínú Juju Music, ọ̀nà méje ni wọ́n gé e sí, kí etí òyìnbó lè gbà á. Ẹ̀rọ ìgbàlódé pọ̀ sí i nínú àwọn àwo tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1984, nígbà tí wọ́n lọ ṣeré ní Japan, ìjà owó bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí African Beats fi túká. Aura kò tà tó bí wọ́n ṣe rò, ni Island bá jẹ́ kó máa lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ti ń dúró nìyẹn, tí àwọn kan á ní ó jèrè, tí àwọn kan á ní wọ́n tàn án. Ohun kan wà tí wọ́n ń fò dá. Ní gbogbo ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, Sunny Alade Records kò dákẹ́ nílé. Ó ń gbé àwo tirẹ̀ jáde fún àwa ará ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn òkèèrè tì, ti ilé ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣubú, tó fi tún gbé Odu jáde lọ́dún 1998, tí wọ́n sì tún fi orúkọ ìyẹn náà sílẹ̀ fún Grammy.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń ka ìwé wa yìí mọ ọ̀rọ̀ náà ju àwọn ọmọ ráàpù lọ. Ẹni tó fi oko kòkó dógò ò tíì ta oko. Olówó á máa ká kòkó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gbèsè bá tán, oko á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tó ta oko ńkọ́? Kódà bí kòkó so títí tó kan ilẹ̀, ojú lásán ló kù tó máa fi wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin. Téèpù tí wọ́n gba ohùn sí ni oko, owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ ni kòkó. Ní African Songs, oko gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Nígbà ayé Island, ó kéré tán, oko ilé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló yẹ ká máa jà lé lórí. Ọmọdé lè ṣòótọ́, àgbà sì lè yan èèyàn jẹ. Bí àgbà olórin bá fẹ́ bá ọmọ ráàpù ṣe, tàbí bí ọmọ tìrẹ bá mú ìwé wálé láti Èkó tó ní kí o bá òun fọwọ́ sí i, béèrè nǹkan mẹ́rin. Ọdún mélòó ni àdéhùn náà? Ta ló ni téèpù nígbà tó bá parí? Ṣé ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan ló dé ni tàbí gbogbo ayé, tòun ti íntánẹ́ẹ̀tì? Owó tí wọ́n kó sílẹ̀ lónìí ńkọ́, ṣé ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè tí wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kí olórin tó rí kọ́bọ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, gbèsè ni, owó fídíò náà sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Kí lọ́yà ka ìwé náà kí bírò tó kan án. Owó tí lọ́yà máa gbà kò lè tó ti ẹjọ́ 20 ọdún.